Ọ̀rá Olódòdó

"Gbé e sí imú kó o gbọ́ ọ dáadáa," ni Bàbá Penko wí, ó sì ju ègé wàràkàṣì náà sórí tábìlì yàrá àyẹ̀wò bí ẹni sọ òkò. "Lẹ́yìn náà kó o wá sọ ohun tó ń rùn fún mi."

Boryana bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀. Ó mú wàràkàṣì náà, tí ó ṣì wà nínú ọ̀rá tí àwọn fúnra wọn ṣe ní ilé iṣẹ́ yìí. Ó ya etí ọ̀rá náà, ó sì fa èémí sínú títí àyà rẹ̀ fi kún. Wàrà àgùntàn ni ó gbọ́, àti iyọ̀, àti kíkan díẹ̀ bí ó ti yẹ kí ó kan. Ó tún un gbọ́. Kò sí nǹkan mìíràn níbẹ̀.

"Wàràkàṣì ni, Bàbá."

"Wàràkàṣì ni! Ohun témi náà wí nìyẹn. Obìnrin tó ń bá mi tà á létí òkun ní Burgas ló ní ọṣẹ ni. Ó ní ó dà bí ìgbà tí wọ́n bá kó oúnjẹ sáàárín aṣọ nínú àpótí ìyá àgbà. Obìnrin yìí ò dá ẹrù mi padà rí o, Ìyàwó. Kódà lọ́dún tí ẹ̀rọ tó ń mú ọkọ̀ tutù bà jẹ́ sójú ọ̀nà, ó gbà á, ó sì tà á. Àmọ́ gbogbo páálí tí mo fi ránṣẹ́ sí i láti dán ọ̀rá yín wò, ó kó wọn padà fún mi lánàá pátápátá."

Bàbá Penko kì í wá sí ilé iṣẹ́ ẹnikẹ́ni. Òun ni bàbá Asen, ọkọ Boryana, tí ó ń wa tírélà ní Jámánì, tí ìyàwó rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ rí àyàfi nígbà ọdún. Ní abúlé kan lẹ́sẹ̀ òkè, tí kò jìnnà sí Kazanlak, ìlú tí ilé iṣẹ́ náà wà, ni bàbá náà ti ń sin àgùntàn, tí ó sì ń fi wàrà wọn ṣe wàràkàṣì, bí bàbá tirẹ̀ náà ti ṣe. Bàtà rọ́bà tí ó fi ń wọ inú agbo ni ó wọ̀ wá. Ẹrẹ̀ rẹ̀ tò tẹ̀lé e láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí tábìlì, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tó láyà láti ní kí ó bọ́ ọ.

Boryana ló fi ẹnu ara rẹ̀ bá a sọ̀rọ̀ ọ̀rá yìí. Ọ̀rá tí ilé iṣẹ́ wọn ń ṣe fún dídi oúnjẹ kì í ṣe irú èyí tí a ń jù sílẹ̀ tí yóò wà níbẹ̀ títí ọmọ ọmọ ẹni yóò fi bá a. Àgbàdo ni wọ́n fi ń ṣe é, bí a bá sì rì í mọ́lẹ̀, yóò jẹrà bí ewé. Àbùkù kan ló ní: kò lágbára. Ó máa ń ya, atẹ́gùn sì máa ń gba inú rẹ̀ wọlé tí oúnjẹ fi ń gbẹ. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ òdòdó ti wọ̀ ọ́. Ní gbogbo àfonífojì yẹn, òdòdó rósì ni wọ́n ń gbìn, tí wọ́n ń sè, tí wọ́n ń fa òróró rẹ̀, tí wọ́n sì ń da pàǹtí rẹ̀ nù ní òkìtì-òkìtì. Pàǹtí yìí ni ilé iṣẹ́ náà ń kó. Wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á sọ ọ́ di funfun, wọ́n á lọ̀ ọ́ títí yóò fi kúnná kọjá ohun tí ojú lè rí, wọ́n á wá pò ó mọ́ èròjà àgbàdo tí wọ́n ti yọ́. Ìyẹ̀fun yìí yóò dí gbogbo àlàfo inú ọ̀rá náà, yóò sì dì í mú bí koríko ṣe ń di amọ̀ ògiri mú. Ọ̀rá náà yóò yi, atẹ́gùn kò sì ní rí ọ̀nà gbà.

Gbogbo ìlú ló ń yangàn. Ta ni kò ní yangàn? Ìlú tí ó ń fi òdòdó jẹun tún rí ohun tí yóò fi pàǹtí òdòdó ṣe.

Ohun tí ó wà nílẹ̀ ní ọjọ́ yìí ju ọ̀rọ̀ Burgas lọ. Ilé ìtajà ńlá kan ní Sofia, olú ìlú, tí ó ní ẹ̀ka káàkiri orílẹ̀-èdè náà, ti gbà láti máa ra wàràkàṣì Bàbá Penko, bí ó bá ti lè jẹ́ pé ọ̀rá tó ń jẹrà ni wọ́n fi dì í. Ó ti pẹ́ tí bàbá náà ti ń kanlẹ̀kùn wọn. Ẹrù àkọ́kọ́ yóò gbéra ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà gan-an, wọ́n sì ti sọ ọ́ fún un láìfi igbá kan bọ̀kan nínú: bí ẹrù àkọ́kọ́ bá ní àbùkù, kò sí ẹlẹ́ẹ̀kejì. Bàbá Penko náà ti sọ tirẹ̀ fún Boryana. Bí ọ̀nà yìí bá dí, òun yóò ta agbo àgùntàn náà, òun yóò sì jókòó sílé máa retí ikú.

Ọ̀gá Karastoyanov, tí ó ni ilé iṣẹ́ náà, wọlé pẹ̀lú ẹ̀rín lẹ́nu. Ó ti gbọ́ ohùn bàbá náà láti òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì.

"Bàbá Penko, ẹ káàbọ̀ o! Kí ló dé tẹ́ ẹ ń bá ìyàwó yín jà lẹ́nu iṣẹ́?"

"Ẹ gbọ́ èyí wò, Ọ̀gá."

Karastoyanov gbé wàràkàṣì náà símú, ó ní kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ó pe akọ̀wé rẹ̀. Akọ̀wé ní kò sí nǹkan kan. Ó pe ọkùnrin tí ń tún ẹ̀rọ ṣe tí ó ń kọjá lọ. Ìyẹn gé díẹ̀ níbẹ̀, ó jẹ ẹ́, ó sì béèrè bóyá búrẹ́dì wà.

"Ẹ ò rí i?" ni Karastoyanov wí. "Èmi mọ àwọn oníṣòwò etí òkun yẹn. Ó fẹ́ kí ẹ dín owó fún un ni. Ẹ lọ di ẹrù yín, Bàbá. Ẹ má jẹ́ kí obìnrin kan da ọjọ́ ayọ̀ yín rú."

Ìbínú Bàbá Penko yí padà kúrò lórí ọ̀rá, ó kọrí sí Burgas. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun tí òun yóò sọ fún obìnrin náà lórí fóònù, púpọ̀ nínú rẹ̀ kò sì ṣe é kọ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n àyà Boryana kò balẹ̀. Bí oníbàárà bá fẹ́ kí a dín owó, yóò ní wàràkàṣì kan jù, tàbí pé iyọ̀ rẹ̀ pọ̀. Ta ni í jókòó ronú títí tí yóò fi ronú kan ọṣẹ?

"Ọ̀gá," ni ó wí, "ẹ̀ẹ̀melòó la fọ òdòdó ọdún yìí kí á tó lọ̀ ọ́?"

Ẹ̀rín ojú Karastoyanov dín kù. "Kí ni ìyẹn kàn nínú eléyìí?"

"Lásìkò òtútù, nígbà tá a kọ́kọ́ ṣe é, ẹ̀ẹ̀mẹta la fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́. Mo wà níbẹ̀."

"Omi wọ́n lọ́dún yìí, ìwọ náà mọ̀. Ẹ̀ẹ̀kan la fọ̀ ọ́. Ṣé àyẹ̀wò ò gbà á ni? Ìwọ lo kó àwọn tó gbọ́ òórùn rẹ̀ jọ. Ìwọ lo fọwọ́ sí i. Èmi kọ́."

Òótọ́ ló sọ. Òfin ni pé kí ọ̀rá oúnjẹ tó jáde, àwọn ènìyàn gbọ́dọ̀ gbọ́ òórùn rẹ̀ nínú ìgò tí wọ́n dé, kí wọ́n sì fi ẹnu tọ́ oúnjẹ tó ti sùn nínú rẹ̀ wò. Boryana ló yan àwọn ènìyàn náà. Àwọn tó ní suúrù ló yàn, àwọn tí kì í mu sìgá. Gbogbo wọn gbọ́ ọ, gbogbo wọn tọ́ ọ wò, gbogbo wọn ní kò sí nǹkan kan. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá sí i lọ́kàn nísinsìnyí pé ará Kazanlak ni gbogbo wọn, àti pé oṣù tí òdòdó ń tanná ni wọ́n ṣe é.

Ó wo ìta láti ojú fèrèsé. Ọkọ̀ tó kó àpò òdòdó ń kọjá lọ síbi tí wọ́n ti ń sè é, òmíràn tẹ̀lé e. Láti ìgbà tí oṣù náà ti bẹ̀rẹ̀ ni èéfín ìdáná wọn ti ń bo ìlú. Ó wà nínú aṣọ tí wọ́n sá sóòrùn, ó wà nínú irun àwọn ọmọ ilé ìwé, ó wà nínú ìrọ̀rí. Àwọn àlejò tó bá wá wo ọdún òdòdó máa ń dúró lójú títì kí wọ́n pa ojú dé, kí wọ́n máa mí. Àwọn ará ìlú á máa wò wọ́n bí ẹni tó ń wo wèrè. Àwọn kì í gbọ́ nǹkan kan. Ta ló kù ní ìlú yìí tó ṣì ní imú? Boryana yíjú sí bàbá ọkọ rẹ̀.

"Bàbá, ṣé ẹ ní èyí tó ṣì wà nínú omi iyọ̀, tí kò tíì dé inú ọ̀rá?"

"Ó wà nínú mọ́tò. Kí lo fẹ́ fi í ṣe?"

"Mo fẹ́ gbé méjèèjì lọ sí Gabrovo lẹ́yìn òkè, kí wọ́n tọ́ ọ wò fún mi. Wọn ò gbin òdòdó lọ́hùn-ún."

Ẹnu ya bàbá náà, ni ó bá bú sẹ́rìn-ín. "Gabrovo! Àwọn tó ń gé ìrù ológbò kí ilẹ̀kùn lè tètè tì, kí ooru má baà jáde! Ìyàwó, bó o bá fún ará Gabrovo ní oúnjẹ ọ̀fẹ́, bó jẹ́ amọ̀ ni, á ní ó dùn, kó o lè fún un sí i."

"Ẹ fún mi ṣá, Bàbá. Kí ọkọ̀ tó gbéra, màá ti padà."

"Boryana," ni Karastoyanov wí, kò sì rẹ́rìn-ín mọ́ rárá, "bó o bá jáde ní ẹnu ọ̀nà yẹn lásìkò iṣẹ́, wàhálà ni o ń wá."

Boryana jáde. Kò tilẹ̀ rántí bọ́ aṣọ funfun ẹnu iṣẹ́.

Ọ̀nà Gabrovo gba orí òkè Shipka, ó sì ń lọ́ bí ejò nínú igbó. Boryana wa ọkọ̀ náà bí ẹni tí wọ́n ń lé. Nígbà tí ó dé ìlú, ó dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́ tí ó rí, ibi tí wọ́n ti ń ta ìpápánu gbígbóná tí wọ́n ń pè ní banitsa, torí ó mọ̀ pé ẹni tó bá ń fi wàràkàṣì ṣe banitsa lójoojúmọ́ kò ní ṣàìmọ ohun tó wà lẹ́nu rẹ̀. Obìnrin arúgbó kan, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Ganka, ló wà lẹ́yìn tábìlì. Bàbá kan jókòó sí igun, ó ń ka ìwé ìròyìn tí ó hàn gbangba pé kò ra.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tọ́ wàràkàṣì méjì yìí wò. Mi ò tà á o. Mo kàn fẹ́ mọ èyí tó dáa ni."

"Ọ̀fẹ́?" ni Màmá Ganka béèrè.

"Ọ̀fẹ́ ni."

Màmá náà nu ọwọ́. Ó mú èyí tí ó wá láti inú omi iyọ̀, ó jẹ ẹ́, ó tún gé òmíràn, ó jẹ ẹ́. "Ta ló ṣe eléyìí? Ọlọ́run ló fún un lọ́wọ́." Bàbá orí ìwé ìròyìn náà ti dìde, ó ti na ọwọ́. Nígbà náà ni Màmá Ganka wá mú ègé kejì, èyí tó ti inú ọ̀rá jáde. Ó fi í sẹ́nu, ojú rẹ̀ sì fún pọ̀. Ó yíjú kúrò, ó tu ú sínú àtẹ́lẹwọ́.

"Háà! Ọmọ mi, inú páànù ìpara ni wọ́n ti gbé èyí wá ni?"

"Ẹ jẹ́ n wò ó," ni bàbá náà wí. Ó jẹ díẹ̀, ó dá ìyókù padà sórí tábìlì pẹ̀lú ìka méjì. "Èyí kì í ṣe fún ẹnu. Ẹ bá mi dì í, màá fi fọ irun."

Ará Gabrovo dá oúnjẹ ọ̀fẹ́ padà. Ó yẹ kí Boryana rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò lè rẹ́rìn-ín. Ó di tábìlì mú.

"Ṣé ó dá yín lójú, Màmá? Kí ló ń rùn gan-an?"

"Òdòdó ni, kí ló tún kù? Ará Kazanlak ni ọ́, àbí?"

"Báwo lẹ ṣe mọ̀?"

"Kó o tó ṣílẹ̀kùn tán ni mo ti mọ̀. Aṣọ tó o wọ̀ yìí nìkan, a lè ta á fáwọn ará òkè òkun." Màmá náà wo ojú rẹ̀ dáadáa, ohùn rẹ̀ sì rọ̀. "Jókòó, ọmọ mi. Ó dà bí ẹni pé wọ́n ròyìn òkú fún ọ."

Kò jókòó. Inú ọkọ̀ ni ó ti pe Karastoyanov, tí ó sì ròyìn ohun gbogbo fún un. Ọkùnrin náà gbọ́ ọ dópin.

"Àwọn ará Gabrovo," ni ó wí níkẹyìn. "Ìgbà wo ni wọ́n sọ ohun rere nípa wa rí? Ìwọ náà lọ bá wọn pẹ̀lú aṣọ tó kún fún òórùn, o dúró tì wọ́n, wọ́n sì gbọ́ òórùn. Ṣé ìyẹn náà ni wọ́n ń pè ní àyẹ̀wò?"

"Ọ̀gá, wọ́n jẹ èyí tí kò sí nínú ọ̀rá, wọ́n ní ó dùn. Ibì kan náà ni mo dúró sí."

"Gbọ́, jẹ́ kí n là á yé ọ. Gbogbo ọ̀rá tá a ṣe láti ìgbà òdòdó ọdún yìí, ìyẹ̀fun yẹn ló wà nínú rẹ̀. Gbogbo rẹ̀. Bó o bá dá ọkọ̀ bàbá yẹn dúró, gbogbo oníbàárà wa á gbọ́. Ẹni tó fọwọ́ sí i ni wọ́n á béèrè, èmi kọ́." Ó mí kanlẹ̀. "Mo ti sọ fún dírẹ́bà pé kó má dúró di ìrọ̀lẹ́. Bí wọ́n bá ti di ẹrù tán, kó máa lọ."

Ó pa fóònù. Boryana pe Bàbá Penko, pè é, tún un pè. Bàbá náà kì í mú fóònù wọ ibi tí ó ń kó wàràkàṣì sí. Ó ní òtútù ibẹ̀ ń bà á jẹ́. Obìnrin náà ṣí ọkọ̀, ó sì forí lé ilé.

Òṣìṣẹ́ ọ̀nà ti dí apá kan ojú títì lórí òkè. Ọkùnrin kan dúró níwájú pẹ̀lú pátákó pupa, àwọn ọkọ̀ sì tò sẹ́yìn ara wọn. Boryana bọ́ sílẹ̀, ó bẹ̀ ẹ́. Ọkùnrin náà ní kódà bó bá jẹ́ ìyá òun ló wà nídìí ọkọ̀, á dúró. Boryana padà sínú ọkọ̀. Ó bọ́ aṣọ funfun náà, ó jù ú sínú búùtù, ó ṣí gbogbo fèrèsé, ó sì jókòó. Atẹ́gùn òkè náà tutù, ó mọ́ lóló, òórùn igi àti òkúta ọ̀rinrin ló ń gbé bọ̀.

Ẹ̀rù bà á gan-an níbẹ̀. Bí Karastoyanov bá lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́, ta ni yóò tún gba ẹni tí ó fọwọ́ sí ọ̀rá tó ba oúnjẹ jẹ́? Bí ọkọ̀ náà bá sì lọ, agbo bàbá ọkọ rẹ̀ ni yóò lọ tẹ̀lé e. Kódà bí ó bá dá a dúró, Sofia lè bínú pé ẹrù kò dé lásìkò, kí wọ́n fagi lé gbogbo rẹ̀. Ibi tí ó bá yíjú sí, orí ló fi ń gbá ògiri. Ọkàn rẹ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí í bá a sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́: àbí òótọ́ ni Ọ̀gá sọ? Àbí aṣọ rẹ ni wọ́n gbọ́? Ìwọ fúnra rẹ, ṣé o gbọ́ nǹkan kan?

Nígbà tí ọkùnrin náà yí pátákó padà, tí àwọn ọkọ̀ ń rọra lọ, oòrùn ti yẹ̀ sí apá ìwọ̀ oòrùn. Boryana sọ̀kalẹ̀ láti kọ́nà dé kọ́nà. Ó kù díẹ̀ kí ó dé ìsàlẹ̀ nígbà tí ó ronú pé ẹnì kan fọ́ ìgò lọ́fíńdà sínú ọkọ̀ òun. Ó tilẹ̀ wẹ̀yìn wo àga. Òórùn náà wọlé láti gbogbo fèrèsé, ó dùn, ó nípọn, ó lẹ̀ mọ́ ọ̀nà ọ̀fun. Kò gbọ́ ọ mọ́ láti ọdún tí ó ti fẹ́ Asen.

Ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Ó gbé fèrèsé sókè, ó mú wàràkàṣì inú ọ̀rá náà, ó sì gbé e símú. Òdòdó ni. Kì í ṣe díẹ̀. Ó gbọ́ ọ bí ẹni gbọ́ orúkọ ara rẹ̀ lójú ọjà. Ó mú ti inú omi iyọ̀. Wàrà àgùntàn lásán ni. Ó tún mú ti inú ọ̀rá, ojú sì tì í dé ibi pé omi lé sí i lójú. Òun ló kó àwọn tí imú wọn ti kú jọ, ó ní kí wọ́n wá gbọ́ òórùn fún gbogbo ayé.

Ó sáré wa ọkọ̀ náà lọ. Ó rò pé bí òun bá yára dé ọ̀dọ̀ bàbá náà, òun á lè sọ ọ́ nígbà tí ó ṣì wà nímú òun. Ṣùgbọ́n bí ó ṣe ń wọ àárín oko òdòdó ni òórùn náà ń rẹlẹ̀. Nígbà tí ó fi máa rí òrùlé abúlé, atẹ́gùn lásán ló ń fẹ́.

Ọkọ̀ akẹ́rù ti kọjú sí ẹnu ọ̀nà àgbàlá, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń dún. Dírẹ́bà, Todor, ń di ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Karastoyanov dúró pẹ̀lú Bàbá Penko, wọ́n mú ife ọtí rakia kọ̀ọ̀kan dání láti fi sin ẹrù náà jáde. Boryana gbé ọkọ̀ tirẹ̀ dábùú ẹnu ọ̀nà.

"Ṣé orí ẹ pé báyìí?" ni Todor kígbe.

"Bàbá, ẹ má jẹ́ kó lọ. Òdòdó ló ń rùn. Àwọn ará Gabrovo tu ú jáde lẹ́nu."

"Ó ti sọ fún mi," ni bàbá náà wí, ó fi ọwọ́ tọ́ka sí Karastoyanov. "Ó ní o lọ fi aṣọ òdòdó dúró tì wọ́n."

"Bàbá, èmi fúnra mi gbọ́ ọ. Mo pẹ́ lórí òkè. Nígbà tí mo ń bọ̀ nísàlẹ̀, imú mi là. Mo gbọ́ gbogbo ìlú, mo sì gbọ́ ọ nínú wàràkàṣì yín."

Karastoyanov rẹ́rìn-ín pẹ̀lú ìkáàánú. "Bàbá, àárẹ̀ ni. Ó ti ń ṣiṣẹ́ jù."

Bàbá Penko gba wàràkàṣì náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbé e símú, ó pẹ́ níbẹ̀. "Kò sí nǹkan kan níbí, Ìyàwó."

"Mo mọ̀, Bàbá. Ẹ ò lè gbọ́ ọ."

"Ìwọ ńkọ́? Gbọ́ ọ lójú mi báyìí."

Boryana gbà á. Gbogbo wọn ń wò ó. Todor ti sún mọ́ wọn. Boryana pa ojú dé, ó fa èémí sínú, ó wá a kiri. Wàrà. Iyọ̀. Kíkan díẹ̀. Ó tún fà á. Ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kù kí bàbá náà gbà á gbọ́, kò sì sí ẹnì kan ní àgbàlá yẹn tó lè já a nírọ́.

"Mi ò gbọ́ ọ mọ́," ni ó wí.

"Ẹ gbọ́ ohun tó sọ!" Karastoyanov na apá méjèèjì. "Òun fúnra rẹ̀! Todor, gbé ọkọ̀ rẹ sọ́nà. Ìwọ, lọ gbé tìrẹ kúrò lọ́nà."

Bàbá Penko kò mira. Ó ń wo ìyàwó ọmọ rẹ̀ bí ẹni tí kò rí i rí.

"Lórí òkè, o gbọ́ ọ?"

"Mo gbọ́ ọ, Bàbá."

"Báwo ló ṣe rí?"

"Bí ọjọ́ tí Asen kọ́kọ́ mú mi wálé. Mo sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, mo béèrè pé ta ló fọ́ ìgò lọ́fíńdà. Ẹ̀yin lẹ rẹ́rìn-ín mi. Ẹ ní mi ò tíì di ará ibí."

 Bàbá náà gbé ife ọtí tí kò tíì fẹnu kàn sórí òkúta ẹ̀gbẹ́ ògiri. "Òótọ́ ni," ni ó wí, kò sí ẹni tó mọ ẹni tí ó ń bá sọ ọ́. Ó gbójú sókè. "Todor, pa ẹ́ńjìnnì."

"Bàbá Penko!" ni Karastoyanov wí. "Torí kí ni? Ẹ ò gbọ́ nǹkan kan, èmi ò gbọ́ nǹkan kan, òun gan-an ní òun ò gbọ́ nǹkan kan!"

"Ẹni tó bá fẹ́ purọ́ fún mi, ì bá ní òun gbọ́ ọ," ni bàbá náà wí. "Ọ̀gá, ẹ máa lọ sílé. Ìyàwó, pe àwọn ará Sofia, kó o sọ bó ṣe jẹ́ fún wọn. Má fi nǹkan kan pamọ́. Bí wọ́n bá fẹ́, kí wọ́n bínú."

Ẹ́ńjìnnì náà kú. Boryana yọ fóònù rẹ̀, ó ń wá nọ́ńbà náà. Karastoyanov ti ń rìn lọ síbi ọkọ̀ rẹ̀, ó ń sọ̀rọ̀ ilé ẹjọ́. Bàbá Penko ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ọkọ̀ akẹ́rù, ó fi orúnkún rẹ̀ tó ti gbó gòkè, ó sì fa páálí àkọ́kọ́ síwájú. Kí ó tó gbé e, ó tẹrí ba, ó gbé imú sí i, ó sì dúró bẹ́ẹ̀ pẹ́, bí ẹni tó ń tẹ́tí sí ẹnu ọ̀nà yàrá tí ó mọ̀ pé ènìyàn wà nínú rẹ̀. Kò gbọ́ nǹkan kan. Ó gbé e sọ̀ kalẹ̀.